Kí Ló Dé Tí Àwọn Kan Fi Ń Kọ Ojú Aago Sí Inú Ọrùn Ọwọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sójà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Aago kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ láti kékeré, èyí tí kò lo bátìrì, tí wọ́n máa ń yí orí rẹ̀ láràárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Inú ọrùn ọwọ́ ni wọ́n máa ń kọ ojú rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń so ó ni èmi náà ń so ó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Láàrin oṣù díẹ̀, ìlà ti kún gíláàsì rẹ̀. Aago tí kì í yẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi sì ti ń sáré lọ́wọ́ mi. Tí mo bá mú un bá ti fóònù mi mu lónìí, tó bá fi máa di àkókò yìí lọ́la, ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá ní kò dára kí irin máa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn tó ń kọ aago sínú rí tí wọ́n fi ń ṣe é? Ṣé ó ń ba aago jẹ́ ni? Ṣé kí n yí i sí ẹ̀yìn ọwọ́, àbí kí n fi í sílẹ̀ bí bàbá mi ṣe ń ṣe é?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá yín. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú aago náà. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ó jọ pé kò bàjẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe kó máa mú un sáré wà lórí tábìlì iṣẹ́ yín, mo sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bàbá yín, torí pé bí wọ́n ṣe ń so aago yẹn ní ìdí.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ kà á. Ẹ má yí ọwọ́ yẹn padà. Ẹ wá wò ó: apá wo lára ọrùn ọwọ́ yín ló kọjú sí yín? Inú ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti kọjú sí òdìkejì. Tí aago bá wà níbẹ̀, ẹni tó jókòó níwájú yín ló lè kà á. Tí ẹ bá fẹ́ rí i, àfi kí ẹ yí apá, ìwé á sì kúrò lójú yín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó di fóònù mú síwájú ojú, àti ẹni tó di ọrùn gìtá tàbí fáólìnì mú. Nígbàkígbà tí ọwọ́ bá gbé nǹkan wá síwájú ojú, inú ọrùn ọwọ́ ló ń bá a wá.

Wàyí o, ẹ fi ìbọn rọ́pò ìwé. Sójà tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún di ìdí ìbọn mú, ọwọ́ òsì ló máa fi gbé iwájú rẹ̀ ró, àtẹ́lẹwọ́ yẹn á sì wà lókè. Inú ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wà níwájú ojú rẹ̀ gan-an. Ó lè mọ agogo tó lù láì mú ọwọ́ kúrò lára ìbọn àti láì gbé orí sókè. Èyí nìkan tó ìdí, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Gíláàsì aago máa ń kọ mànà nínú oòrùn bíi dígí, mànà yẹn sì lè dé ojú ẹni tó wà lókèèrè. Tó bá di òru, ọ̀dà tó ń tàn lójú aago ni yóò máa tàn. Ẹni tó ń sá pamọ́ kò fẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì tú òun fó. Tó bá kọ ojú aago sínú, ara rẹ̀ ló fi bo ìmọ́lẹ̀ náà, òun nìkan ló sì ń rí i. Tó bá tún wọ́lẹ̀, tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ fà lórí òkúta, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa ń gbá nǹkan, gíláàsì á sì wà láìséwu nínú.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé aago ọwọ́ fúnra rẹ̀, ọwọ́ tí kò dilẹ̀ ló bí i. Ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé inú àpò ni aago ọkùnrin ń gbé. Àwọn obìnrin ló ń so ti ọrùn ọwọ́, bí ẹni wọ ẹ̀gbà. Abraham-Louis Breguet, gbajúmọ̀ alágogo kan ní Paris, gba iṣẹ́ aago ọwọ́ lọ́wọ́ Caroline Murat, ayaba ìlú Naples, àbúrò Napoleon tó jẹ́ olú ọba ilẹ̀ Faransé, ní 1810, ó sì parí rẹ̀ ní 1812. Ọ̀ṣọ́ ni èyí jẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọkùnrin ráyè ti ọwọ́ bọ àpò mọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó tẹ̀dó síbẹ̀, jà ní gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, àwọn sójà kan ń ki aago àpò sínú awọ tí wọ́n dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Ní 1904, Louis Cartier ṣe aago ọwọ́ fún Alberto Santos-Dumont, ọmọ Brazil tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ní Paris, torí pé ẹni tó wà lókè tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tu ọkọ̀ kò lè máa wá aago nínú àpò. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, aago ọwọ́ di irinṣẹ́ tí ọ̀gágun kò gbọdọ̀ ṣàìní. Àwọn tó ń yin ìbọn ńlá láti ẹ̀yìn àti àwọn tó máa sáré jáde látinú kòtò gbọ́dọ̀ jọ máa ka ìṣẹ́jú kan náà; tí ti ẹnì kan bá sáré díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ọta àwọn ará wọn ni wọ́n máa sáré wọ̀. Gíláàsì ayé ìgbà náà sì máa ń fọ́ kíá, débi pé àwọn kan ń fi irin alójú bíi àwọ̀n bo ojú aago wọn.

Nítorí náà, ohun tó fa aago jáde nínú àpò wá sórí ọwọ́, òun kan náà ló tì í yípo lọ sínú ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú sì fẹ́ mọ agogo tó lù láì dá iṣẹ́ dúró. Bàbá yín kọ́ ọ níbi tó ti wúlò, ó sì mọ́ wọn lára.

Àwọn tí kò gbé ìbọn rí náà ń rí i lò. Mẹkáníìkì àti káfíńtà máa ń ki ọwọ́ bọ ibi tóóró, ẹ̀yìn ọwọ́ ló sì ń ha irin. (Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná tàbí tó ń tú bátìrì mọ́tò, kó bọ́ aago irin kúrò pátápátá. Tí ṣéènì aago bá kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jó ọwọ́ dé egungun.) Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, tó di ìwé rẹ̀ mú, lè yọ́jú wo aago inú láì jẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́rọ̀ rò pé ó ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Lórílẹ̀-èdè Japan, ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń kọ ojú aago sínú tẹ́lẹ̀, torí pé lójú wọn, ó jẹ́ ìwà pẹ̀lẹ́ kí obìnrin yí ọwọ́ wò ó jẹ́ẹ́jẹ́ ju kó na ìgbọ̀nwọ́ síta lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ bá rí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Orí aago, ìyẹn ibi tí ojú rẹ̀ wà, wúwo ju okùn rẹ̀ lọ. Tí okùn bá dẹ̀, orí náà á máa wá ìsàlẹ̀ lọ títí á fi yípo. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó síwájú mi, mo máa ń mọ̀ ọ́n: láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, á ti fi ọwọ́ kejì tari aago náà padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ihò kan ṣoṣo tí mo bá fi kún okùn rẹ̀ ló máa ń tán an.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí gíláàsì yín. Àpá ara aago ló máa ń sọ fún mi bí ẹni tó ni ín ṣe ń so ó, kí n tó gbé e sétí rárá. Aago tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ máa ń ní àpá jíjìn díẹ̀díẹ̀ létí, níbi tó ti gbá férémù ilẹ̀kùn tàbí ògiri, ìdè okùn rẹ̀ nísàlẹ̀ á sì ti ha lára tábìlì. Tẹni tó ń kọ ọ́ sínú yàtọ̀ pátápátá: etí rẹ̀ á mọ́ rokoso, ìdè rẹ̀ tó bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ á ti tẹ̀ tàbí kó ní àpá, gíláàsì á wá kún fún ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wọn dorí kọ apá kan náà, bí ìgbà tí ọmọ kékeré fi kóòmù fa ilẹ̀. Ibi tí ìlà yẹn ti wá nìyẹn: ẹ gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì tàbí etí láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ yín ń lọ ó ń bọ̀ lórí bọ́tìnnì, gíláàsì sì ń fi ojú gbálẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Bàbá yín kò jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Aago tó ń sá fún òkúta lọ́wọ́ wọn ló ń fojú kan tábìlì lọ́wọ́ yín.

Ẹ lè rò pé tábìlì onígi kò lè ha gíláàsì. Òótọ́ ni, igi kò lè ha á. Erukú tó wà lórí igi ló ń ha á. Òṣùwọ̀n kan wà tí Friedrich Mohs, ará Jámánì, fi ń mọ èyí tó le ju èkejì lọ: dáyámọ́ńdì ni 10, sáfáyà ni 9, gíláàsì lásán wà láàrin 5 sí 6, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì aago àtijọ́ kò sì ju bíi 3 lọ. Iyanrìn tó wà nínú erukú jẹ́ 7. Ìyẹn ni pé erukú tí ẹ kò rí lójú le ju gíláàsì aago yín lọ. Bí ẹ bá ń fi aago tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ń fi bébà káfíńtà nù ún. Aago tó bá ní gíláàsì sáfáyà, tí wọ́n ń fi iná ṣe láti ìgbà tí Auguste Verneuil ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní 1902, lè máa bá tábìlì fà á fún ọdún púpọ̀ kí ẹ má rí ìlà kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fọ́ tó bá já lu ilẹ̀ líle.

Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ gíláàsì rọ́bà ni ti bàbá yín. Ẹ fi èékánná kàn án: ti rọ́bà máa ń dún pọ́kú, kì í dún gan-an bí ife, bẹ́ẹ̀ ni kì í tutù bí gíláàsì tí ẹ bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà, ìròyìn ayọ̀ ni. Àwọn ìlà yẹn kò jinlẹ̀. Ọṣẹ ìfagíláàsì díẹ̀ tí àwa alágogo ń lò, aṣọ tó rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó rọra máa yí i ní róbótó, á sì padà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò lára gíláàsì tó bá dún bí ife, torí kò ní í ṣiṣẹ́, ẹ ó kàn da ara yín láàmú ni.

Ọ̀rọ̀ sísáré ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù.

Nínú aago tí kò lo bátìrì, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tó ń mì lọ tó ń mì bọ̀. Sípíríìngì kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló ń dá a padà, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni kẹ̀kẹ́ yẹn ń mì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ìgbà 432,000 lójúmọ́. Gígùn sípíríìngì yẹn ló ń pinnu bí ó ṣe ń yá tó: bó bá kúrú, á máa mì kíákíá. Irin ni, òòfà sì ń fa irin. Bí ẹ bá gbé aago sún mọ́ òòfà, tí ohun táwọn èèyàn ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì bá ràn án, àwọn ìlọ́po sípíríìngì á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn. Gígùn rẹ̀ kò dín kù lójú, ṣùgbọ́n apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ti kúrú. Aago á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, bí kò ṣe ìṣẹ́jú gidi, bíi mẹ́ta, bíi mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo láptọ́ọ̀pù yín. Lábẹ́ ibi tí ẹ ń gbé ọrùn ọwọ́ lé, nínú ọ̀pọ̀ wọn, òòfà wà níbẹ̀: ti sípíkà, àti èyí tó ń mú kí ìdérí rẹ̀ pa mọ́ra tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ pé wọ́n ti pa á dé. Òòfà tún wà nínú fóònù, nínú ìdérí tábúlẹ́ẹ̀tì, àti lẹ́nu báàgì obìnrin tó máa ń lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Agbára òòfà máa ń tètè rẹ̀yìn bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí i. Ìwọ̀n ìbú ìka méjì sí mẹ́ta péré lè gba aago là. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹ̀yìn ọwọ́ àti inú ọwọ́ nìyẹn. Ẹni tó so aago sí ẹ̀yìn ọwọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ odidi ló wà láàrin aago àti òòfà. Ẹ̀yin ní tiyín gbé e lé e lórí tààrà, láràárọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wá kọ́ńpáàsì kékeré kan, èyí tó ní abẹ́rẹ́ gidi, kì í ṣe ti fóònù. Ẹ gbé e sórí tábìlì tí kò ní irin, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá rọra gbé aago náà sún mọ́ ọn. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń gbọ̀n tìtì bíi pé ó ń bá aago mí, òòfà ti ràn án. Alágogo tó bá mọṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yọ òòfà kúrò: á gbé aago sórí rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, á rọra gbé e jìnnà. Kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì nílò kó tú ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aago bàbá rẹ̀ àgbà wá bá mi rí. Ẹnì kan ti sọ fún un níbòmíràn pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, pé kó jẹ́ kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Kò tíì fìdí kàn àga dáadáa tí mo fi dá a padà fún un. Bí mo bá ń rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, inú mi ṣì máa ń dùn, ó sì tún máa ń bí mi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìrántí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ní kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Bí wọ́n bá yọ òòfà tán tó ṣì ń sáré, ìgbà náà ni kí wọ́n tó ṣí i wò bóyá epo ta sí sípíríìngì tàbí ó já lulẹ̀ rí.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ẹ sọ fún un kó wo ọwọ́ tirẹ̀: bó bá so aago sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí ló wà nínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀? Ìdè okùn ni, irin ni òun náà. Gbogbo ẹni tó ń so aago ló ní nǹkan tó ń kan ibẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́, ọ̀kan lọ́nà àtàǹpàkò, níbi tí dókítà ti máa ń fi ìka gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, èkejì lọ́nà ìka kékeré, àwọn méjèèjì sì tún padà pàdé nínú àtẹ́lẹwọ́. Aago tí a kò so le kò ní agbára àtidí wọn. Fífún un pọ̀ ló léwu, ìbáà jẹ́ inú tàbí ẹ̀yìn. Iṣan ìmọ̀lára kan gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kọjá lábẹ́ awọ. Bí okùn bá fún un, ẹ̀yìn àtàǹpàkò á máa ro tàbí kó kú tipiri. Òmíràn gba àárín inú ọrùn ọwọ́ kọjá, òun àti okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka, nínú ọ̀nà tóóró kan. Aago tó wúwo, tí wọ́n fún pa, tí wọ́n tún fi tẹ tábìlì fún wákàtí mẹ́jọ, lè ni ibẹ̀ lára. Ẹ so ó débi tí ìka kan á fi lè kọjá lábẹ́ okùn. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì ń ro lẹ́yìn tí ẹ ti bọ́ ọ, dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ ọwọ́, inú apá ló fi ń gbé e. Aago inú á máa kan ẹ̀yìn ọmọ tàbí orí rẹ̀. Kó bọ́ ọ kó tó gbé ọmọ.

Bí ẹ bá ń bá a lọ láti máa kọ ọ́ sínú, okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú lé. Ìdè rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ báyìí, òun ló ń gbá ilẹ̀kùn, ìdè tó bá sì já, aago á bọ́ láì sọ fún yín. Okùn aṣọ alápá kan ni mo fẹ́ràn fún irú aago bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973. Ó ń gba abẹ́ aago kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí ọ̀pá kékeré kan tó dì í mú bá já, èkejì ṣì máa gbé e ró. Kò ní irin ńlá lẹ́yìn ọwọ́, omi kì í sì í bà á jẹ́. Ẹ kò nílò láti yí nǹkan kan nípa ojú aago fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yí i láti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì lọ sínú, orí tí ẹ fi ń yí i á ṣì máa wo ọ̀nà àtẹ́lẹwọ́, nọ́ńbà 12 á sì dúró lọ́nà àtàǹpàkò, ẹ ó kà á dáadáa.

Fún ẹ̀yin mìíràn tí ẹ ń lo smartwatch, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ni wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn ọwọ́. Nínú, okùn iṣan tó ń mì bí ìka bá ṣe ń ṣiṣẹ́ lè da kíkà rẹ̀ rú, ojú rẹ̀ sì lè má tàn nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fín àmì sí ẹ̀yìn ọwọ́ lè rí i pé inú ló dára fún òun, torí tàdáwà tó wà lábẹ́ awọ lè dí ìmọ́lẹ̀ náà.

Ìdáhùn tí mo máa fún yín nìyí. Ẹ máa so ó bí bàbá yín ṣe ń so ó nígbà tí ẹ bá wà níta, tí ẹ bá ń rìn, tí ẹ bá ń kàwé, tí ẹ bá di nǹkan mú. Nígbà tí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ bọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ sí ìkángun tábìlì, ó kéré tán kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí láptọ́ọ̀pù, kó má sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tàbí fóònù. Bí bíbọ́ rẹ̀ bá ń sú yín, ẹ yí i sí ẹ̀yìn ọwọ́ fún wákàtí iṣẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ dára tó bíbọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju bó ṣe wà lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ òòfà rẹ̀, kí ẹ wá máa fi wé aago fóònù yín fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bí alágogo bá tún fẹ́ dán ara aago náà kó lè máa kọ mànà bíi tuntun, ẹ sọ fún un pé kó dúró. Gíláàsì ni kó nù. Ẹ lo awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀ àti ìdè rẹ̀: àpá àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín, àwọn tó ti wà kí ẹ tó gbà á ni. Bí ẹ bá gbé e lọ bá bàbá yín, ẹ fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Mo ti rí àwọn bàbá tó rántí ọjọ́ náà gan-an.